Ewé Wo Ló Lè Bá Èèyàn Fi Sìgá Sílẹ̀?

Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ inú ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí nìyí, fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa kà ju kí ẹ máa gbọ́ lọ.

Mo mọ̀ pé inú dánfó àti BRT ni ọ̀pọ̀ yín ti máa ń gbọ́ mi, tí ẹ fi etí kan gbọ́ ètò, tí ẹ fi etí kejì gbọ́ kọ́ńdọ́. Ẹ má gbàgbé láti gba ṣéńjì yín o.

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ olóhùn kan wọlé sórí WhatsApp wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló fi ránṣẹ́, ó ń fi mọ́tò gbé èrò. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ ọ́ níbí, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ohun tó sọ rèé:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń mu sìgá. Ìyàwó mi máa bímọ lóṣù tó ń bọ̀, mo sì ti ṣèlérí fún un pé ọmọ yẹn ò ní bá òórùn sìgá lára mi. Mo ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, mo ti padà sí i. Ẹnì kan wá ń ta àgbo kan lórí status rẹ̀, ìgò kan 7,000 náírà. Ó ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀fóró, pé tí mo bá mu ún fún ọjọ́ mẹ́ta, sìgá á máa rí mi lára. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n rà á?”

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo ló kọ́kọ́ dúró sí mi lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ìlérí yẹn ni. Èèyàn tó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, tí ọjọ́ ìbímọ ìyàwó rẹ̀ ń sún mọ́lé, kò sí nǹkan tí wọn ò lè tà fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹ jẹ́ ká jókòó sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa.

Mi ò wá wàásù o. Ẹni tó ń mu sìgá mọ̀ pé sìgá ń pani, ó wà lára páálí, gàdàgbà-gadagba. Mi ò sì wá bú ewé. Àgbo ni ìyá mi fi tọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ ká bi ara wa ni pé: nínú gbogbo ewé tí wọ́n ń sọ pé ó ń ba èèyàn fi sìgá sílẹ̀, èwo ló ń ṣe é lóòótọ́, kí ló ń ṣe, kí ni kò sì lè ṣe?

Ife paraga méjì

Èmi náà ti mu sìgá rí. Ọdún mẹ́jọ ni. Yunifásítì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá kan lẹ́yìn ìdánwò. Kí n tó gba ìwé ẹ̀rí, ó ti di ọ̀pá mẹ́wàá lójúmọ́.

Lọ́jọ́ kan tí mo ti pinnu pé ó tó, mo lọ bá ìyá alágbo kan létí gáréèjì. Mo ní, “Ẹ kú ọjà o, màmá. Ẹ bá mi wá nǹkan tí máa fi jáwọ́ nínú sìgá.”

Ó ní, “Ọmọ mi, ìyẹn ò le rárá. Olómi àbí ọlọ́tí?”

Mo ní, “Èwo ló yá jù?”

Ó ní, “Ọlọ́tí ni o. Ọtí ló ń gbé e rìn nínú ara.”

Ó bu ife kan fún mi. Ó korò bí jogbo. Mo dà á mì, ara mi yá gágá, mo ní kó bu ọ̀kan sí i. Kí n tó mu ìkejì dé ìdajì, ọwọ́ mi ti kan páálí sìgá tó wà lórí tábìlì rẹ̀ kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò àgbo. Mo yọ ọ̀pá kan. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló na láítà sí mi. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú àwa méjèèjì, torí kò sí ẹni tó fura.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bóyá ewé inú ife yẹn dára, bóyá kò dára, mi ò lè sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọgógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Ọtí àti sìgá, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Bí ọtí bá ti wọlé, ìpinnu tí èèyàn ṣe láàárọ̀ á di ọ̀rọ̀ àná. Lẹ́yìn náà, ibi tí mo ti lọ ra oògùn ni wọ́n ti ń ta àrùn. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí tábà sọ pé wọn ò gbọdọ̀ ta sìgá ní ọ̀pá kọ̀ọ̀kan mọ́, odindi páálí ni. Ẹ̀yin náà ẹ wo ìdí gáréèjì tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ sọ fún mi bóyá òfin yẹn ti débẹ̀.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa sọ fún àbúrò mi yìí àti gbogbo ẹni tó ń gbọ́: àgbo ọlọ́tí kì í ṣe oògùn sìgá. Ohun yòówù tó bá wà nínú rẹ̀, ọtí tó gbé e ń mú yín padà sídìí sìgá.

Okùn méjì ni sìgá fi ń dè èèyàn

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tá à ń bá jà. Nígbà tí èèyàn bá fa èéfín sìgá, nikotíìnì inú rẹ̀ á dé ọpọlọ láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20. Abẹ́rẹ́ pàápàá kì í yá tó bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ á gbádùn rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilẹ̀kùn púpọ̀ sí i fún un. Lọ́jọ́ tí nikotíìnì kò bá wá, gbogbo ilẹ̀kùn yẹn á máa ké pé ebi ń pa àwọn. Ìyẹn ló fà á tí inú fi ń bí èèyàn láìnídìí, tí oorun ò wá, tí ọkàn ò papọ̀, tí ebi oúnjẹ sì ń pa á ṣáá.

Okùn àkọ́kọ́ nìyẹn, ti inú ẹ̀jẹ̀. Okùn kejì wà lọ́wọ́ àti lẹ́nu. Ọwọ́ tó ti gbé sìgá sẹ́nu ní ọgọ́rùn-ún ìgbà lójúmọ́ fún ọdún mẹ́fà, ẹ ò lè sọ fún un lójijì pé kó dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, á wá nǹkan. Nínú gósílò, á wá nǹkan. Tí ọ̀gá bá bú yín tán, á wá nǹkan.

Ẹ wá gbọ́ ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀. Ti inú ẹ̀jẹ̀ yẹn, ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ó ti máa rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Òùngbẹ sìgá kọ̀ọ̀kan tó bá sì dé, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ló sábà máa ń lò. Bí ẹ bá mu sìgá, á lọ. Bí ẹ ò bá mu ún, á lọ náà.

Àbúrò, ṣé ẹ rí ìdí tó fi jẹ́ pé ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin lẹ máa ń padà? Kì í ṣe pé ẹ ya ọ̀lẹ. Orí òkè lẹ máa ń dé, ibi tó ga jù, kẹ́ ẹ tó yí padà. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá dá a fi sílẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́ kankan, bí 3 sí 5 péré ni kì í tíì padà sídìí rẹ̀ tí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan bá fi pé. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹ gbìyànjú kì í ṣe ìtìjú rárá.

Láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ní ewé sìgá, ẹ bi í pé: okùn wo ló ń tú? Ti inú ẹ̀jẹ̀ ni, àbí ti ọwọ́ àti ẹnu?

“Ó ń fọ ẹ̀dọ̀fóró”

Àgbo 7,000 náírà yẹn kò dárúkọ ìkankan nínú méjèèjì. Ó ní òun ń fọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbọ́ o: ohun tí èèyàn bá mu, ọ̀nà ọ̀fun ló gbà lọ sínú ikùn. Ẹ̀dọ̀fóró ò sí lójú ọ̀nà yẹn. Kò sí àgbo tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ bí ọṣẹ ṣe ń wọ inú ìgò.

Ẹ̀dọ̀fóró ní ìgbálẹ̀ tirẹ̀. Irun tín-ín-tìn-ìn-tín wà nínú ọ̀nà èémí wa, iṣẹ́ wọn ni láti máa gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ìdọ̀tí jáde. Èéfín sìgá ló sọ wọ́n di arọ. Bí èèyàn bá fi sìgá sílẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Ìdí nìyẹn tí ikọ́ fi máa ń pọ̀ sí i fún àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á máa jáde. Ẹni tó ta àgbo á ní, “Ẹ ò rí i? Ó ti ń ṣiṣẹ́!” Irọ́ ni. Ara yín ló ń ṣiṣẹ́, àgbo wá gba oríyìn. Láàárín wákàtí 12 tí èèyàn bá jáwọ́, gáàsì olóró tí sìgá kó sínú ẹ̀jẹ̀ ti máa wálẹ̀ sí bó ṣe yẹ. Tó bá fi máa pé ọdún kan, ewu àrùn ọkàn ti dín kù sí nǹkan bí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu ún. Ẹ ò san kọ́bọ̀ fún gbogbo ìyẹn.

Àmọ́ bí ikọ́ bá tó ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ gba ọsibítù lọ. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo.

Ewé kan wà tó yege

Àwọn kan á sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ewé ò lè ṣe nǹkan kan?” Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn igi kan fún yín.

Igi kan wà ní ilẹ̀ Yúróòpù tó ń so òdòdó aláwọ̀ ìyeyè, laburnum lorúkọ rẹ̀. Oró wà nínú èso rẹ̀. Ọmọdé tó bá jẹ ẹ́ á máa bì. Inú igi yìí ni wọ́n ti rí nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní cytisine. Ó jọ nikotíìnì débi pé ó lè wọ ẹnu ilẹ̀kùn kan náà nínú ọpọlọ. Á jókòó síbẹ̀, á jẹ́ kí ebi yẹn rọlẹ̀ díẹ̀, tí sìgá bá sì dé, á rí i pé ẹlòmíràn ti gba àga. Ẹ rí i pé okùn inú ẹ̀jẹ̀ gan-an lèyí ń tú.

Orílẹ̀-èdè Bulgaria ti sọ ọ́ di oògùn oníhóró láti ọdún 1964. Ìlà Oòrùn Yúróòpù nìkan ni wọ́n ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dán an wò ní Poland, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2011. 740 èèyàn ni wọ́n pín sí méjì. Apá kan gba cytisine fún ọjọ́ 25, apá kejì gba hóró tí kò sí oògùn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, èèyàn 31 ló ṣì wà láìmu sìgá ní apá àkọ́kọ́, èèyàn 9 ní apá kejì. Ní New Zealand, wọ́n fi í wé oògùn nikotíìnì tí ayé ń lò. Èsì ìyẹn jáde lọ́dún 2014: lẹ́yìn oṣù kan, 40 nínú ọgọ́rùn-ún tó lo cytisine ló jáwọ́, 31 ló jáwọ́ lára àwọn tó lo nikotíìnì. Lọ́dún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi cytisine sára àwọn oògùn tí wọ́n ní kí àgbàlagbà tó fẹ́ jáwọ́ máa lò.

Kí ni mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ìtàn yìí? Nǹkan méjì. Èkíní, ewé lè tú okùn sìgá lóòótọ́, kì í ṣe àlá. Èkejì, kì í ṣe nípa kí wọ́n já ewé kí wọ́n sè é sínú ìkòkò. Wọ́n yọ ohun kan ṣoṣo jáde, wọ́n wọ̀n ọ́n, hóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù kan àbọ̀, wọ́n sì ka iye tí èèyàn á lò lójúmọ́ àti ọjọ́ tí á dúró. Kódà lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, nínú bí 370 èèyàn, 31 ló dúró. Ìlọ́po mẹ́ta ni o, ó dára gan-an, àmọ́ kì í ṣe idán. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé àgbo òun ń wo ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ mọ̀ pé ó fẹ́ gba owó yín ni.

Àwọn tí kò yege

Àwọn ewé mìíràn wà tí wọ́n dán wò tí wọn ò yege. Lobelia, ewé kan láti Amẹ́ríkà tí wọ́n tà fún sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹ̀rí pé ó ń mú èèyàn jáwọ́ pẹ́. St John's wort náà, wọ́n dán an wò, kò yàtọ̀ sí hóró òfo. Èyí tún burú sí i, torí ó máa ń ba iṣẹ́ oògùn mìíràn jẹ́: oògùn HIV, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró, àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí méjèèjì yìí. Ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Sìgá eléwé tún ńkọ́, èyí tí wọ́n ní kò sí tábà nínú rẹ̀? Àti ṣíṣá tí wọ́n ní eléso ni? Ohunkóhun tí ẹ bá ti dáná sí tí ẹ fa èéfín rẹ̀, ọ̀dà àti gáàsì olóró wà níbẹ̀. Ti ṣíṣá ní ẹ̀yìn, torí ẹ̀yin iná èédú náà wà lórí rẹ̀.

Àáṣáà wá ńkọ́? Bàbá àgbà yín lè ti sọ pé ewé lásán ni. Tábà ni àáṣáà. Ẹni tó fi sìgá sílẹ̀ tó gba àáṣáà mú kò tíì kúrò lọ́wọ́ nikotíìnì.

Ìyẹn rán mi létí ohun kan. Sìgá fúnra rẹ̀, ewé ni. Oògùn ni wọ́n pè é nígbà tó kọ́kọ́ dé Yúróòpù. Ní nǹkan bí ọdún 1560, Jean Nicot, aṣojú ọba Faransé ní Portugal, fi tábà ránṣẹ́ sí ààfin ọba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn. Ara orúkọ ọkùnrin yẹn ni wọ́n ti fa nikotíìnì yọ. Bí ẹnì kan bá tún sọ pé “ewé ni, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan,” ẹ rántí pé ewé ló kó wa sí wàhálà yìí.

Ohun tó wà nílé tó lè ràn yín lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí okùn kejì, ti ọwọ́ àti ẹnu. Ibí yìí ni ohun ìbílẹ̀ wa ti wúlò jù, kò sì wọ́n.

Àkọ́kọ́ ni orín. Mi ò tíì rí ohun tó dára jù ú lọ. Ó gùn bí sìgá, ọwọ́ á mú un, ẹnu á rún un, ó sì ń gba àkókò. Orín àtà tún dára jù, torí ó máa ń ta ẹnu, á sì jẹ́ kí ahọ́n kú tìpìrì díẹ̀. Títa yẹn wúlò. Lọ́dún 1994, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fún àwọn amusìgá ní atẹ́gùn tó ní òórùn ata dúdú láti máa fà, òùngbẹ sìgá wọn sì dín kù. Èèyàn 48 péré ni, ìwádìí kékeré ni. Àmọ́ ó jọ pé ohun tó ń ta ọ̀fun wà lára ohun tí amusìgá ń wá. Ẹ má lọ fa èéfín ata o! Orín ni mo ní kí ẹ rún.

Èkejì, kànáfùrù. Ẹyọ kan lẹ́nu, ẹ má rún un kíákíá. Ẹ̀kẹta, ata ilẹ̀: ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, àkókò tí sìgá máa ń pè yín jù. Ẹ̀kẹrin, orógbó. Kíkorò rẹ̀ nìkan tó láti gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sí èyí tó ń tú okùn inú ẹ̀jẹ̀ nínú gbogbo wọn, mi ò ní parọ́ fún yín. Iṣẹ́ wọn ni láti bá yín gba ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn gan-an sì ni ogun náà.

Ó ku ohun mẹ́ta tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Obì kọ́kọ́. Kafíìnì wà nínú obì, bó ṣe wà nínú kọfí àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ń lé oorun. Èéfín sìgá máa ń jẹ́ kí ara tètè lo kafíìnì tán. Bí ẹ bá fi sìgá sílẹ̀, iye kan náà tí ẹ ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ lè di ìlọ́po méjì nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Àyà á máa já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun á sá, ẹ ó wá rò pé àìmu sìgá ló fà á. Ẹ dín in kù sí ìdajì.

Èkejì, ẹni tó bá fẹ́ fún yín ní àgbo tó ń “mú ọkàn balẹ̀,” ẹ bi í bóyá asofẹ́yẹjẹ wà nínú rẹ̀. Ewé ńlá ni, ó ní agbára, ó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì lè mú kí ọkàn èèyàn rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìgá sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi kún un.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ara ìgò. Ọ̀pọ̀ àgbo tó ní nọ́ńbà NAFDAC, gbólóhùn kan wà lára rẹ̀ tó ń sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Lẹ́tà kékeré ni wọ́n fi ń kọ ọ́, àmọ́ ẹ fi fóònù yín sún un mọ́ra kẹ́ ẹ kà á. Èyí tí kò bá tilẹ̀ ní nọ́ńbà, tó jẹ́ pé status ló ń gbé, ẹ ò mọ ohun tó wà níbẹ̀, ẹ ò mọ omi tí wọ́n fi sè é. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée tàbí HIV, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó mu àgbo kankan.

Èsì mi fún àbúrò mi

Àbúrò, ẹ má ra àgbo yẹn. Ohun tí máa ṣe ká ní èmi ni yín rèé.

Ẹ mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ sọ ọ́ fún ìyàwó yín. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹ mú nínú 7,000 yẹn lọ bá apòògùn tó gba ìwé ẹ̀rí, ẹ sọ ọ́ gbangba pé, “Mo fẹ́ fi sìgá sílẹ̀, oògùn wo lẹ ní?” Ẹ bi í nípa ṣuingọ́ọ̀mù nikotíìnì, ẹ bi í nípa oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ. Owó tí ẹ ń ná sórí sìgá lójúmọ́, ẹ kó o jọ láti fi rà á. Èyí jẹ́ ti okùn inú ẹ̀jẹ̀.

Ti okùn kejì, ẹ ra orín, ẹ ra kànáfùrù, ẹ kó o sínú mọ́tò níbi tí páálí sìgá máa ń wà. Ẹ fọ mọ́tò, ẹ fọ aṣọ, torí òórùn lásán ń pè. Ẹ yí ibi tí ẹ ti ń jẹun ọ̀sán padà fún oṣù kan, tó bá jẹ́ pé tábìlì paraga wà níbẹ̀. Bí òùngbẹ bá dé, ẹ tẹ aago fóònù sí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ rún orín títí á fi dún. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin tó máa ń gbé yín ṣubú, ẹ ti mọ̀ ọ́n wàyí. Ẹ má ṣiṣẹ́ alẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn yín wà nítòsí.

Bí ẹ bá sì ṣubú, tí ẹ mu ọ̀pá kan, ọ̀pá kan ni. Ẹ má jẹ́ kó di páálí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ìgbà karùn-ún ni mo tó bọ́.

Títí ẹ ó fi jáwọ́ pátápátá, ẹ má mu ún nínú ilé, ẹ má mu ún nínú mọ́tò tí ìyàwó yín ń wọ̀. Èéfín tí ẹlòmíràn fà ń ṣe aboyún àti ọmọ inú ní jàǹbá. Ọmọ tuntun tó bá ń mí in símú tètè máa ń ní àrùn àyà àti etí dídùn, ó sì wà lára ohun tó ń fa kí ọmọ ọwọ́ kú lójijì lójú oorun.

Àwọn àgbà ní bí oògùn ò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ewé tó kù nínú oògùn sìgá kò sí nínú ìgò ẹnikẹ́ni. Apá kan rẹ̀ wà lọ́wọ́ apòògùn, apá kan wà nínú orín, èyí tó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ àwọn tó bá dúró tì yín.

Ibi tí máa dúró sí nìyẹn lónìí. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń gbìyànjú láti jáwọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i, ẹ má bú u, ẹ ra orín kan kún un. Àbúrò mi, tí ọmọ bá dé, ẹ fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Inú mi á dùn láti gbọ́ igbe rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.